Wèrè ò wo wèrè lábẹ́ agboòrùn: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọmọ POS Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń jókòó sábẹ́ agboòrùn láti Ọ̀jọ́ọ̀ títí dé Challenge, láti Ìwó Road títí dé Àpáta, mo kí yín o. Ẹ kú oòrùn, ẹ kú eruku, ẹ kú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí kò lọ, ẹ kú àwa kọ́sítọ́mà. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló tọ́ sí yín jù.

Ẹ ò mọ̀ mí. Púrófíṣọ̀n ni mò ń tà l'Ókè-Àdó, mílíìkì, ṣúgà, ìndómì, ọṣẹ, àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin kan sì ń ṣe POS níwájú ṣọ́ọ̀bù mi gan-an, tábìlì ẹ̀ àti fúrísà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sí i ni mò ń gbọ́, ì báà wù mí, ì báà má wù mí. Kí n tó máa ta púrófíṣọ̀n, káṣíà báńkì ni mí ní Dùgbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń fún èèyàn ní táálì kó lọ jókòó títí wọ́n á fi pe nọ́ńbà ẹ̀, ẹ̀yin ò lè mọ táálì, ẹ bi àwọn mọ́mì yín. Torí náà èébú orí káńtà ò ṣàjèjì sí mi, ká ní wọ́n ń fúnni ní dìgírì nínú ẹ̀ ni, mi ò bá ti gba méjì.

Ohun tó sún mi dé ìdí lẹ́tà yìí ni ọ̀rọ̀ kan tí kì í kúrò lẹ́nu yín. Tí mo bá ní "ọmọ mi, fi í sílẹ̀", ohun tí mo máa gbọ́ ni "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, wèrè la fi ń wo wèrè, tá a bá ń ṣe jẹ́jẹ́ fáwọn èèyàn yìí, wọ́n á gùn wá lórí ni." Mo gbọ́. Òwe yẹn kì í ṣe irọ́, àwọn àgbà ló pa á, àmọ́ wọn ò pa á fún ẹni tó gbé tábìlì sójú kan. Ẹni tó wá bú ẹ yẹn, Micra ló máa wọ̀, ó ti dé Mọ́kọ́lá kó o tó rántí èyí tó dùn jù nínú èsì tó o bá fún un, ìwọ ló kù síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, pẹ̀lú owó olówó nínú báàgì, pẹ̀lú gbogbo àwọn tó ń kọjá tí wọ́n rí ẹ nígbà tó ò ń pariwo tó ò ń ju ọwọ́. Wọn ò rí bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ni wọ́n rí, lọ́la tí wọ́n bá fẹ́ gba owó, wọ́n á rìn kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà ní kọ́nà kejì.

Kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò ní kẹ́ ẹ di òmùgọ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mò ń sọ ò ju pé kí ẹnu yín rọ̀ kí ọwọ́ yín sì le. Èèyàn lè ní "ẹ má bínú sà" ní ìgbà ogún kó má sì fún ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ní kọ́bọ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀. Àwọn tó ń rò pé ẹni tó bá ń ṣe jẹ́jẹ́ ti gbà fún wọn nìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò ó lọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbà fún yín pé àwa kọ́sítọ́mà burú. Ẹnì kan á dé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó ju káàdì sórí tábìlì bí ẹni ju eegun fájá, "mẹ́wàá", ó tán. Òmíràn á máa fóònù lọ, tẹ́ ẹ bá bi í pé sà, sé savings ni àbí current, á nawọ́ pé kẹ́ ẹ dákẹ́, ìgbà tẹ́ ẹ bá wá dákẹ́ tán á ní kí ló dé tẹ́ ẹ ò tíì ṣe é. Àwọn ìyá kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á ka owó yẹn, wọ́n á tún un kà, wọ́n á gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè sí oòrùn, wọ́n á wá ní "sé ìwọ àti Yáhù ló ń pín in?" gbogbo ẹ̀ nítorí ₦200 ṣáàjì. Àwọn bọ̀ọ̀dá kan sì wà tí wọn ò ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ gbà, wọ́n kàn wá bèèrè bóyá káàṣì wà ni, tẹ́ ẹ bá ní kò sí wọ́n á pòṣé sí yín bí ẹni pé ilé yín lẹ̀ ń gbé e pa mọ́ sí. Èyí tí kì í kí èèyàn yẹn ló ń dùn mí jù. Ní ìlú tó jẹ́ pé tó o bá kọjá níwájú ilé aládùúgbò láìkí i, kó tó di alẹ́ wọ́n ti ránṣẹ́ pe bàbá ẹ, kéèyàn wá dúró níwájú ẹni tó fẹ́ kówó lé e lọ́wọ́ kó má lè ní ẹ kú ọjà.

Ẹ sì mọ oríkì ìlú wa. Kò sẹ́ni tó wáyé tí kò lárùn kan lára, ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn. Tí wọ́n bá kì í báyìí níbi ìnáwó, gbogbo wa lorí wa máa wú, a ó máa lẹ owó mọ́ onílù níwájú. Mi ò bá oríkì jà, ọmọ Ìbàdàn tòótọ́ ni mí, ilé wa wà ní Bẹẹrẹ. Àmọ́ àwọn jagunjagun tí wọ́n torí wọn kì í, wọn ò fi POS jẹun.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa inú tó ń bí àwọn èèyàn yìí, torí tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, èébú yẹn ò ní máa wọ̀ yín lára tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2004, CBN ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní owó tó tó bílíọ̀nù 25 náírà kí 2005 tó parí, èyí tí kò bá ní i kó lọ dà pọ̀ mọ́ òmíràn tàbí kó kógbá wọlé. Báńkì 89 ló wà nígbà yẹn, 25 ló kù nígbà tí wọ́n parí ẹ̀. Ẹ ò lè mọ bí ìlú ṣe rí lọ́dún yẹn. Àwọn bàbá oníkòkó, àwọn ìyá Gbági, àwọn tíṣà, gbogbo wọn ló ń rọ́ wọ báńkì láti wá bi wá pé owó àwọn dà, àwọn míì ò tiẹ̀ bèèrè, èébú ni wọ́n ti gbé wá látilé. Bàbá kan na ìka sí mi lójú láàárín ihò káńtà pé èmi ni mo kó owó òun jẹ. Èmi tí mo ń gba owó oṣù tí kò tó nǹkan! Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àwọn èèyàn yìí ò rí gómìnà CBN, wọn ò lè rí àwọn dáírẹ́kítọ̀ tó jókòó sí Èkó, ojú tèmi nìkan ni wọ́n rí. Ohun tí wọ́n ń sọ, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń sọ ọ́ sí, àmọ́ èmi ló ń bà.

Ohun tó ń ṣe yín náà nìyẹn. Báńkì tó jẹ wọ́n níyà ò sí nítòsí, àwọn tó ń ṣe òfin wà l'Ábújá, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò lójú tí wọ́n lè gbá, ẹ̀yin sì wà níta gbangba, agboòrùn yín sì tún pọ́n, ẹnikẹ́ni ò lè ṣi yín mọ̀.

Ká sọ òótọ́ síra wa sá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n ní káwọn èèyàn kó ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ wá sí báńkì tí tuntun ò sì dé, tí ìlú le, tí wọ́n ń jà nídìí ATM, tí àwọn ọmọ ń dáná sun táyà lójú títì, àwọn kan nínú yín ń gba ₦2,000 lórí ₦10,000, àwọn míì tiẹ̀ gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí ilé ẹjọ́ tó ga jù fi dájọ́ lóṣù kẹta ọdún yẹn pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí ọdún á fi parí, àwọn èèyàn ń fi owó ra owó. Mi ò ní gbogbo yín ló ṣe é, mi ò sì ní àwọn tó ṣe é ò ní ìdí, torí àwọn náà rà á ni. Àmọ́ ará Ìbàdàn kì í gbàgbé. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n tún yọ owó ìrànwọ́ orí epo, oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, owó ọkọ̀ fò sókè, ẹni tó ń jáde nílé láàárọ̀ ti bínú kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Torí náà tí wọ́n bá ní "olè ni gbogbo yín", ìgbà míì wà tó jẹ́ pé 2023 ni wọ́n ń bá jà.

Ibi tí mo ti rí i pé ẹ ti ń fọwọ́ ara yín ṣe ara yín nìyí, ẹ fetí sí i dáadáa. Kọ́sítọ́mà tó dàgbà jù yín lọ ń bú yín, ẹ̀yin lẹ jàre, gbogbo ẹni tó dúró síbẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ jàre. Ó wá fi ìyá yín kún un, inú bí yín, ẹ ní "ìwọ náà ńkọ́, sé orí ẹ ò dáa ni?" Ó tán. Ẹ ti fún un ní ohun tó ń wá láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ owó ti parí níbẹ̀ yẹn, ẹjọ́ ti di ẹjọ́ ẹ̀kọ́ ilé. Á kọjú sáwọn èrò, "ẹ gbọ́ nǹkan tó ń pè mí? Ọmọ tí àbígbẹ̀yìn mi jù lọ!" Àwọn tó ti ń gbè yín lẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, ìyá elépo á ní "ó tó gẹ́ẹ́, àgbà ni o", ọlọ́kadà tí kò tiẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ á ní ayé ti bàjẹ́, àwọn ọmọ ìsìnyí ò lẹ́kọ̀ọ́. Ká tó wí ká tó fọ̀, ẹ̀yin lẹ máa dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ bẹ ẹni tó ṣẹ̀ yín, tí ₦5,000 tó fà á ò sì ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́.

Mo mọ̀ pé kò dáa bẹ́ẹ̀. Kò dáa kí àgbà máa bú ọmọ ọlọ́mọ bó ṣe wù ú kí ọmọ yẹn máa ní ẹ má bínú, mo ń sọ ọ́ fáwọn ẹgbẹ́ mi, wọ́n ní mo ti ń ṣe òyìnbó. Bí wọ́n bá fẹ́, màá kọ tiwọn lọ́tọ̀. Àmọ́ bí ìlú ṣe rí ló rí yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣòwò nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó fún ara yín. Níwọ̀n ìgbà tí "ẹ" àti "sà" àti "mà" bá ṣì wà lẹ́nu yín, òun nìkan ló ń dá ìjà jà, gbogbo èèyàn sì ń wò ó. Wọn ò ní kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n fún un.

Mo rí i lójú ara mi níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ọkùnrin kan, ó dà bíi pé káfíńtà ni, lẹ́búlẹ́bú igi ṣì wà lára ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó fẹ́ gba ₦40,000 kó sáré lọ ra pákó ní Bódìjà, ọ̀dọ̀ oníbàárà kan ló ti ń bọ̀, oníbàárà yẹn náà ti ń fóònù ẹ̀ lọ́nà. Ọmọbìnrin POS yìí tẹ máṣíìnì, ó yí, ó yí, ó kọ ọ́ síta pé "issuer or switch inoperative", bẹ́ẹ̀ ni fóònù ọkùnrin yẹn dún gbì, àláàtì, wọ́n ti yọ owó. Háà! Ó ti pariwo kí n tó gbé orí sókè.

"Owó mi dà?"

"Ẹ má bínú sà. Kò wọlé sọ́dọ̀ mi, ẹ wo fóònù mi, ẹ wò ó sà."

"Kí ni mo fẹ́ fi fóònù ẹ ṣe? Wọ́n ti yọ ọ́! Sé o ò rí i ni? Olè! Gbogbo yín lolè, ìyá tó bí ẹ náà..." mi ò lè kọ èyí tó kù síbí, àwọn ọmọ kékeré lè kà á.

Ọmọ yẹn ò dáhùn ọ̀rọ̀ ìyá. Ó tẹ rìsíìtì jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì fi fún un. "Mò ń fún yín ní ìwé ẹ̀ sà. Ọjọ́ àti àkókò wà níbẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní RRN wà níbẹ̀, báńkì yín máa bèèrè ẹ̀. Owó yín ò sọnù sà, àmọ́ kò sí lọ́wọ́ mi, mi ò lè san án."

"Mi ò gba bébà! Owó ni mo fẹ́!"

"Mo gbọ́ sà. Owó yín ò sọnù, àmọ́ kò sí lọ́wọ́ mi, mi ò lè san án sà."

Ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀, bó ṣe ń pariwo sí i ni ohùn tiẹ̀ ń lọ sílẹ̀ sí i, títí ọkùnrin yẹn fi ní láti dákẹ́ kó tó lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Bàbá onímicra kan tó dúró de kí n wá ṣéńjì fún un ló wá dá sí i. "Ọ̀gá, ọmọ yìí ò rí yín fín o. Láti àárọ̀ ló ti ń pè yín ní sà. Ẹ gba bébà tó ń fún yín." Ó gba bébà, ó pòṣé, ó lọ. Kò padà wá bẹ ọmọ náà o, mi ò sì retí ẹ̀. Àmọ́ ₦40,000 ọmọ yìí ṣì wà nínú báàgì ẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn lórí ìlà ò sì lọ, gbogbo wọn ló gba owó wọn.

Àwọn kan nínú yín gan-an ò mọ bí nǹkan yẹn ṣe ń ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń jà dípò kẹ́ ẹ ṣàlàyé. Tẹ́ ẹ bá ti káàdì bọ máṣíìnì, ọ̀rọ̀ yẹn á lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ni máṣíìnì, ibẹ̀ ni á ti gba ojú ọ̀nà tó so àwọn báńkì pọ̀, kó tó dé báńkì tó ni káàdì. Báńkì á wò ó bóyá owó wà, á yọ ọ́, á wá dáhùn padà lójú ọ̀nà kan náà. Tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já nígbà tí ìdáhùn ń bọ̀, báńkì ti yọ owó, máṣíìnì yín ò sì gbọ́ nǹkan kan, ohun tó máa kọ ni pé kò lọ. Owó yẹn ò sí lọ́dọ̀ kọ́sítọ́mà, kò sí lọ́dọ̀ yín, àárín ọ̀nà ló há sí. Láti oṣù kẹfà 2020 ni CBN ti ní kí báńkì dá irú owó POS bẹ́ẹ̀ padà láàárín wákàtí 72. Báńkì tó fún kọ́sítọ́mà ní káàdì ló sì máa lọ bá, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹni tó bá mọ gbogbo ìyẹn, tó lè sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì pẹ̀lú ohùn tó rọlẹ̀, ó ti gba ara ẹ̀ lọ́wọ́ ìdajì ìjà. Èyí tó jọ ọ́ ni ti ẹni tó fẹ́ gba ₦150,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìparí 2024 ni wọ́n ti ní kí ẹnì kan má gbà ju ₦100,000 lọ lóòjọ́ lọ́wọ́ POS. "Òfin ni mà, kì í ṣe èmi" ò pẹ́ láti sọ, ó sì dáa ju "ẹ lọ báńkì yín jàre".

Ní Mọ́kọ́lá, ọmọkùnrin POS kan ní tiẹ̀ dáhùn nígbà tí wọ́n bú ìyá ẹ̀. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè ro ibi tó parí sí: tẹ́sàn. Máṣíìnì fọ́, ìdì owó fò sínú gọ́tà, ẹni tó bú u sì tún ní kó san owó ìtọ́jú ètè òun.

Àwọn kan wà nínú yín tó gbọ́n, wọn kì í bú èèyàn. Ẹ̀yin yìí lẹ burú jù lójú tèmi o. Ẹ ò ní la ẹnu, ẹ kàn máa yínmú. Ẹ ó wo èèyàn láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó wá rẹ́rìn-ín sí ọ̀rẹ́ yín tó ń ta rìkáàdì. Tàbí kẹ́ ẹ ní "ẹ má bínú o, bàbá olówó, ẹ má fi tiyín pa wá", tí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ á sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀wọ̀, èébú tó wọ aṣọ ọ̀wọ̀ ni, ẹni tẹ́ ẹ ń sọ ọ́ sí sì mọ̀, ó tiẹ̀ dára kẹ́ ẹ kúkú bú u.

Gẹ̀ẹ́sì náà wà níbẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ yín. Ẹ ti ń sọ Yorùbá bọ̀ dáadáa, bí ohùn bá ti ròkè báyìí ẹ ó ṣàdédé bọ́ sórí gẹ̀ẹ́sì, gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì gan-an, fún ìyá tó ti ń fi Yorùbá bá yín jà. Ẹ rò pé ẹ ń ṣe pẹ̀lẹ́. Ohun tí ìyá yẹn gbọ́ ni pé ẹ ń pè é ní púrúǹtù lójú gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èdè tó fi bẹ̀rẹ̀ ìjà lẹ máa fi bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá wa kan wà ní báńkì nígbà yẹn, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí kò fẹ́ràn àwàdà, kì í jẹ́ ká sọ fún ẹni tínú ń bí pé kó fara balẹ̀. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tí wọ́n ní kó fara balẹ̀ tó fara balẹ̀ rí láyé òun. Ó ní nǹkan tá à ń ṣe lọ́wọ́ ni ká máa sọ: mò ń wò ó sà, mo ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó kù díẹ̀, ẹ jẹ́ n tún un gbìyànjú. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni títí mo fi lò ó. Ẹni tó bá ń gbọ́ pé nǹkan ń lọ lọ́wọ́, ó máa ń ṣòro fún un láti ráyè bú èèyàn. Àwọn àgbà náà ti sọ tiwọn, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ wà nídìí POS, tiyín lọ́tọ̀. Mo rí ohun tójú yín ń rí. Ọkùnrin á wá gba ₦2,000, á lo ìdajì wákàtí, "fún mi ní nọ́ńbà ẹ", "sé o ti lọ́kọ", tẹ́ ẹ bá ní rárá sà, ó di pé ẹ ò rẹwà tẹ́lẹ̀, ó di pé ta ló fẹ́ fẹ́ ọmọ POS. Ọ̀wọ̀ tí mò ń sọ ò dé ibẹ̀ yẹn o. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́, ẹ má ṣàlàyé, ẹ kàn ní "owó yín rèé sà" kẹ́ ẹ pe ẹni tó kàn. Tó bá fọwọ́ kàn yín, ẹ pariwo. Ẹ pè mí. Ẹ pe ìyá elépo, ẹ pe fọkanáísà, ẹ pe gbogbo àdúgbò. Kò sí "sà" fún ẹni tó ń fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ. Bákan náà ni ẹni tó bá gbá máṣíìnì lulẹ̀ tàbí tó fẹ́ fagbára gba báàgì owó, ẹ kó ẹrù yín, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tó bá wà nítòsí, ẹ tilẹ̀kùn. Ká dúró máa bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe pẹ̀lẹ́, àìmọ̀kan ni.

Nǹkan kan ṣì kù tó jẹ́ pé ọwọ́ yín ló wà pátápátá. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìjà tí mò ń gbọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀rọ̀ ṣáàjì ló ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ ti yọ owó lára káàdì tán kẹ́ ẹ tó sọ pé ₦200 ni, kọ́sítọ́mà ní ₦100 lòun ń san lọ́nà ilé òun, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi máákà dúdú kọ ọ́ gàdàgbà sórí páálí, iye tẹ́ ẹ̀ ń gbà lórí ₦5,000, iye tẹ́ ẹ̀ ń gbà lórí ₦10,000, ẹ gbé e kọ́ síbi tí ojú á ti rí i, kì í ṣe ẹ̀yìn agboòrùn. Ẹ sì tún sọ ọ́ lẹ́nu kẹ́ ẹ tó tẹ máṣíìnì, torí àwọn míì wà tí ojú wọn ò gbé e, àwọn míì ò lè kà, wọn ò sì ní fẹ́ sọ fún yín. Tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ti ń ṣe ségesège láti àárọ̀, ẹ sọ ìyẹn náà kẹ́ ẹ tó gba káàdì lọ́wọ́ wọn: "nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dúró dáadáa o mà, sé kí n gbìyànjú ẹ̀, àbí ẹ ní tíráńsífà?" Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn tó ní kẹ́ ẹ máa ṣe é lọ, tó bá wá há, yóò ṣì bínú, àmọ́ kò ní lè pè yín lólè.

Ẹ̀yin kọ́sítọ́mà tẹ́ ẹ bá bá lẹ́tà yìí pàdé, mo ti dárúkọ yín tán lókè, ẹ mọ ara yín. Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún yín ò pọ̀: ẹ kí wọn kẹ́ ẹ tó na káàdì sí wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Onípúrófíṣọ̀n, Òkè-Àdó, Ìbàdàn.